Ìgò Òfìfo àti Kànga Àdùkẹ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, Àdùkẹ́ ìyàwó mi sọ pé ògì tí mo pò fún òun ní kókó. Òótọ́ ni. Mi ò fi omi tútù pò ó délẹ̀ kí n tó da omi gbígbóná lé e. Ó fi ṣíbí gbé kókó kan sókè, ó wò ó títí, ó ní, "Bàbá Fúnkẹ́, pẹ̀lú gbogbo ọdún tí ẹ fi ń po nǹkan ní láàbù, ògì lásán ló wá dá yín lágara báyìí?" Mo ní kó jẹ́ kí n lọ po òmíràn. Ó ní, "Ẹ jókòó jàre." Ó mu díẹ̀, ó gbé ife náà padà fún mi, ó sì bi mí ní ìbéèrè tó ti ń bi mí láti bí oṣù mélòó kan.

"Gílóòbù ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Wọn ò tíì rí i rà?"

"Kò tíì dé."

Ó mi orí, ó kọjú sí ògiri.

Wọ́n ti ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ronú iṣẹ́ tí wọn óò yàn, kí Àdùkẹ́ tó dùbúlẹ̀ àìsàn rárá. Mo ń sún un síwájú. Nísinsìnyí tí mo wá jókòó tì í, mi ò lè sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà kí n má sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí ibi tí iṣẹ́ mi parí sí ni ayé rẹ̀ náà parí sí. Ẹ fara dà á fún mi.

Iṣẹ́ ayẹ̀jẹ̀wò ni mo ṣe, ní ilé-ìwòsàn ńlá kan ní Èkó, láti ìgbà tí mo kúrò ní yunifásítì títí mo fi fẹ̀yìntì. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gba àlàyé: mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, wọ́n fún mi ní ẹ̀wù funfun. Owó oṣù náà tó jẹun. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ mi.

Ọ̀gá Ògúndípẹ̀ kò ga, kì í pariwo, kì í sì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ka tiwa ló ń wo àwọn irin tó wà nínú ara èèyàn ní ìwọ̀n bíńtín: bàbà, sínǹkì, òjé. Bàbà àti sínǹkì, ara kò lè ṣe láìní díẹ̀ nínú wọn. Òjé ní tirẹ̀ kò ní iṣẹ́ rere kankan tó ń ṣe nínú ara. Èmi rò pé lọ́jọ́ kejì ni n óò ti máa fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀. Ìgò ni Ọ̀gá ní kí n máa fọ̀. N óò fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, n óò ṣàn án, n óò rì í sínú ásíìdì di ọjọ́ kejì, n óò tún fi omi tí a ti sè, tí a sì gba ooru rẹ̀, ṣàn án léraléra, n óò wá dojú rẹ̀ dé orí aṣọ funfun kó gbẹ. Oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀, ìgò ni.

Àdùkẹ́ ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ẹgbẹ́dá nígbà náà, a ò tíì fẹ́ra. Ó di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ kan, ó rí i bí awọ ìka mi ṣe ń ṣí. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ná. Mo sọ fún màmá mi pé dókítà ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ fẹ́. Afọgò ni mo wá rí yìí o."

Mo ní, "Ìgò ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀."

Ó ní, "Ẹ sì máa tètè bẹ̀rẹ̀ kí ẹ parí, torí màmá mi ti ń bèèrè."

Lọ́jọ́ kan, mo ti to ìgò tó mọ́ sórí aṣọ, Ọ̀gá wọlé, ó ko gbogbo wọn padà sínú ásíìdì.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, sà?"

"O họ imú."

"Ìgò kan ṣoṣo ni mo dì mú lẹ́yìn ìyẹn, sà."

"Èwo ni?"

Mo wò wọ́n. Mi ò lè tọ́ka sí i.

"Nígbà tí o kò mọ èwo, gbogbo wọn ni," ó ní. Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní òógùn ìka mi ní sínǹkì nínú, eruku ara ògiri ní òjé, omi tó gba inú páìpù kọjá ní bàbà. Ohun tí à ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ kéré sí ìdọ̀tí tí a fi ọwọ́ ara wa gbé wọlé. "Bí o kò bá mọ ìdọ̀tí ara rẹ," ó ní, "òun ni wàá máa kà fún aláìsàn."

Ibẹ̀ ló ti kọ́ mi ní ìgò òfìfo. Gbogbo ìgbà tí a bá gbé ẹ̀jẹ̀ síṣẹ́, ìgò kan máa ń wà láàárín wọn tí a kò ní bu ẹ̀jẹ̀ sí. Omi mímọ́ nìkan ló máa wà nínú rẹ̀. Ásíìdì tí a kán sí ẹ̀jẹ̀, a óò kán an sí i. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dé, ó gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Bí a bá wá gbé e sí ẹ̀rọ, ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá rí nínú rẹ̀, tiwa ni, kì í ṣe ti aláìsàn. A óò yọ ọ́ kúrò nínú ti gbogbo àwọn yòókù. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀; ìgò òfìfo ni ọ̀bẹ kejì tó ń bá wa gbẹ́ tiwa.

Ọ̀rọ̀ kejì tó kọ́ mi le ju ìyẹn lọ. Ọkùnrin kan tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe létí ọ̀nà wá bá wa. Ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní lùkímíà. A wo òjé ara rẹ̀, ó ga. Mo ní, "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ti tán. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Ọ̀gá gbé bírò sílẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ ní òwe yẹn?"

"Bàbá mi, sà."

"Bàbá rẹ kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú yàrá yìí, bí òwe bá bèèrè pé ta ni kò mọ̀, kí o dáhùn pé àwa ni. Iṣẹ́ rẹ̀ gbé òjé sí i lára. Àìsàn wà lára rẹ̀. Ohun méjì tí a mọ̀ nìyẹn. Okùn tó so wọ́n pọ̀, àwa kò rí i. Ẹni tó bá rí i, kó mú un wá."

Mo rò nígbà náà pé ọkùnrin yìí kò láàánú. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àánú ni.

Irin iṣẹ́ yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹnu la fi ń fa ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín, a óò fi ìka dí i lórí kó má dà. Akẹgbẹ́ wa kan fà á jù, ó gbé e mì, a fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò ní rẹ́rìn-ín. Síríǹjì gíláàsì la máa ń sè nígbà náà. Oníke tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló wá gba ipò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ oníná dé. Yóò fẹ́ omi ara ẹ̀jẹ̀ sínú ọwọ́ iná bí ìgbà tí a bá fi ẹnu fẹ́ omi sára aṣọ tí a fẹ́ lọ̀. Gílóòbù kan á máa tan ìmọ́lẹ̀ gba inú iná náà kọjá, irin tó bá wà níbẹ̀ á sì gbé díẹ̀ mì nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Bí ó bá ṣe gbé e mì tó la fi ń mọ bí ó ṣe pọ̀ tó. Irin kọ̀ọ̀kan ló ní gílóòbù tirẹ̀: ti bàbà kò lè rí òjé, ti òjé kò lè rí bàbà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà ló ń tẹ èsì jáde fúnra rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó dé lẹ́yìn wa sì ń gba ohun tó bá tẹ̀ gbọ́ bí ẹni gba ìwé mímọ́ gbọ́. Ẹ̀rọ kì í parọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí o bá bi í nìkan ló ń dáhùn.

Ohun tó burú jù tó ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́nu iṣẹ́ náà, ìbéèrè tí a kò bi ẹ̀rọ ló fà á. Dókítà kan tó ń tọ́jú àwọn tó ní lùkímíà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀jẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí wa, pé ká bá òun wo bàbà àti sínǹkì wọn. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Ọ̀gá gbà, kìkì pé inú ìgò tí òun bá fọ̀ ni wọn óò máa gba ẹ̀jẹ̀ sí. Ìyá Ọ̀gá wá kú, Ọ̀gá sì lọ sí ìlú wọn. Ìgò tó mọ́ tán nílẹ̀, dókítà ń pe wá ní gbogbo ìgbà, páálí ìgò tuntun kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ní ìdérí rọ́bà, tó ń dán gbinrin, tí a kọ sí lára pé ó mọ́. A lò ó. Ta ló tún fẹ́ da omi lásán sínú ìgò tuntun?

Sínǹkì gbogbo àwọn ọmọ náà ga. Dókítà yọ̀. Ó ní ohun tí òun ń kà ni pé ó máa ń wálẹ̀ nínú àìsàn yìí, pé a ti rí ohun tuntun nílẹ̀ wa. Ọ̀gá dé, ó ka èsì náà, ó béèrè ohun kan péré: "Ìgò òfìfo ńkọ́?"

A ò fi sí i. Ó bu omi mímọ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn ìgò tuntun náà, ó dé e, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó gbé e sí ẹ̀rọ. Sínǹkì kún inú omi náà. Láti ara ìdérí rọ́bà ni.

A da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára wọn ni mo ń sọ yìí. Wọ́n ní kí a padà lọ gba òmíràn, àwọn kan sì ti kú kí a tó padà dé. Èmi ni wọ́n rán sí obìnrin kan tí ọmọbìnrin rẹ̀ wà lórí ibùsùn lẹ́bàá fèrèsé. Mo ṣàlàyé tán. Obìnrin náà wò mí.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á ní ọjọ́sí. Ṣé ẹ dà á nù ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Kò bú mi. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó fúnra rẹ̀ ká ọwọ́ aṣọ ọmọ náà sókè, ó ní, "Bọ́lá, na ọwọ́ rẹ sí bùrọ̀dá. Wọ́n ní ti àkọ́kọ́ kò dùn." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbé ìgò kankan síṣẹ́ láìsí èyí tó ṣófo láàárín wọn.

Nígbà tí a ṣe é bó ti yẹ, ohun tí àwọn mìíràn ti rí níbòmíràn làwa náà rí. Sínǹkì wọn wálẹ̀, bàbà wọn ga. Bí oògùn bá ràn wọ́n, bàbà á máa sọ̀ kalẹ̀. Bí àìsàn bá ń padà bọ̀, á tún máa gòkè. Dókítà bèèrè bóyá bàbà ló ń fa àìsàn náà. Ọ̀gá ní, "Ipasẹ̀ olè la rí yìí. Ipasẹ̀ kọ́ ló jí ẹrù."

Ọ̀gá fẹ̀yìntì, ó kú. Ipò rẹ̀ kàn mí. Mo kọ́ àwọn mìíràn, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń ráhùn lẹ́yìn mi bí èmi náà ṣe ń ráhùn. Bísí ni ó gbọ́ràn jù nínú wọn. Òun ni ọ̀gá ibẹ̀ báyìí.

Ní àárín gbogbo èyí, èmi àti Àdùkẹ́ kọ́lé sí Ìgàndò. Igbó ló pọ̀ ládùúgbò náà nígbà yẹn, kò sí omi ẹ̀rọ, ààtàn ńlá kò sì tíì ga tó báyìí. Àdùkẹ́ ló ní kí a gbẹ́ kànga síwájú ilé dípò ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Ẹni tó gbẹ́ kànga sẹ́yìnkùlé, ara rẹ̀ nìkan ló gbẹ́ ẹ fún." Gbogbo òpópónà ló ń pọn ọ́n. Òfin kan ló ṣe: guga kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wọnú kànga náà, tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ korobá ara rẹ̀ sí i. Bí ẹnì kan bá ráhùn, á ní, "Ọkọ mi ló kọ́ mi. Ẹ lọ bá a jà." Àwọn ìyá ìjọ wa, ìjọ Aládùúrà, a máa wá láti ọ̀nà jíjìn pọn omi náà fún àdúrà. Ìyá Sùàdá, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní ògiri kejì sí wa, òun náà fi wẹ gbogbo ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọ.

Mo ti fẹ̀yìntì nígbà tí mo rí ibi dúdú lápá Àdùkẹ́. Ó ní okùn guga ló gbá òun. Lẹ́yìn ìyẹn, mo rí òmíràn ní itan rẹ̀, okùn kì í sì í dé itan. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ létí eyín rẹ̀ bí ó bá ń rin orín. Mo mú un lọ sí ibi iṣẹ́ mi àtijọ́. Bísí gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wọ inú yàrá lọ, ó pẹ́. Ó wá yọjú sí mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó."

Mo fojú sí máíkírósíkóòpù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí kò tíì gbó, tó yẹ kó ṣì wà nínú mùdùnmúdùn egungun, ni wọ́n kún ibẹ̀ pitimu. Mo mọ ojú wọn bí èèyàn ṣe ń mọ ojú ará àdúgbò rẹ̀. Mo wò wọ́n ju bó ti yẹ lọ, torí bí mo bá gbé ojú kúrò, mo ní láti jáde sọ fún un.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Bísí ń bá mi wo bàbà rẹ̀. Ó ga, bí mo ti mọ̀ pé yóò ga. Oògùn àkọ́kọ́ ràn án, bàbà náà wálẹ̀, Àdùkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ti ọ̀dọ̀ Bísí dé, mo jókòó sí pálọ̀, mi ò tíì sọ ohunkóhun. Ó dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Ó ti tún gòkè, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó parí ojú aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ kó tó dìde.

Òpópónà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nígbà náà. Wọ́n ní omi kànga ni. Wọ́n ní ààtàn ti jò dé abẹ́ ilẹ̀, wọ́n ní àwọn tó ń jó bátìrì láti yọ òjé inú rẹ̀ ti ba ilẹ̀ jẹ́. Ẹnì kan kú sí òpópónà kejì, wọ́n fi kún un. Ta ni kò mọ̀? Dókítà bèèrè bóyá Àdùkẹ́ ti ta bẹntiróòlù rí, torí ìyẹn ni àwọn ń fura sí jù fún irú àìsàn yìí. Kò tà á rí. Ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í rí ohun tó fà á. Ìdáhùn yìí kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn, kò sì tẹ́ èmi náà lọ́rùn.

Ohun tó dun Àdùkẹ́ jù kò ju èyí lọ: àwọn ìyá ìjọ wá gbàdúrà fún un, nínú sùtànà funfun, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bó ti yẹ. Wọ́n gbàdúrà dáadáa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bu omi sí abọ́ àdúrà, ọ̀kan nínú wọn fa omi inú ọ̀rá yọ nínú báàgì, ó fi eyín já a. Kànga wà níwájú ilé.  Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, Àdùkẹ́ ní, "Wọ́n ra omi wá."

Ó dìde, ó di ògiri mú títí ó fi dé ìta, ó fi àgádágodo ti ìdérí kànga. Ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Fúnkẹ́, ṣé èmi ni mo ń fún àwọn ọmọ Ìyá Sùàdá ní májèlé mu láti ọjọ́ yìí?"

"Mi ò mọ̀."

"Iṣẹ́ yín ni. Ẹ lọ mọ̀ ọ́n."

Mo fọ ìgò méjì bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Òun ló ní òun fúnra òun ló máa bu omi náà. Mo gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ kànga fún un, mo fa guga, òun di ìgò mú. Ó fi omi kànga ṣan ìgò náà kó tó bù ú kún, kò fi ọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Mo kán ásíìdì sí i. Ìgò kejì, mo bu omi mímọ́ tí mo gbà lọ́wọ́ Bísí sí i, mo kán ásíìdì sí òun náà.

"Èyí ńkọ́?"

"Ìgò òfìfo ni. Ìdọ̀tí tiwa la fi í wò."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ. "Ẹ̀yin náà máa ń yẹ ara yín wò? Ẹ jẹ́ kí àwọn ará òpópónà gbọ́."

Ṣùgbọ́n gílóòbù òjé ti jó. Ti bàbà ń ṣiṣẹ́, ti sínǹkì ń ṣiṣẹ́. Ti òjé tí a nílò ni ó jó, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń rà á. Ìgò méjèèjì wà nínú fíríìjì wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń bèèrè. Ní àárọ̀ ọjọ́ ògì náà, ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ife. Ó ní, "Ẹ má ṣí i títí ẹ óò fi mọ̀." Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti lọ.

Fúnkẹ́ ọmọ wa dúró tì mí fún ìgbà díẹ̀, ó padà sí Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Oúnjẹ tí Ìyá Sùàdá ń gbé gba orí ògiri ni mo ń jẹ. Omi inú kẹ̀kẹ́ àwọn ọlọ́mi ni gbogbo òpópónà ń rà. Ó pẹ́ kí Bísí tó pè mí. Ó ní, "Ọ̀gá, gílóòbù ti dé."

Mo gbé ìgò méjèèjì lọ. Bísí gbé omi kànga sí ẹ̀rọ. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà kó tó sọ̀rọ̀. Òjé wà níbẹ̀, ó sì kọjá ibi tó yẹ kó dé nínú omi mímu.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn, torí ọjọ́ kan yóò wá sí ti ẹ̀yin náà. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti rí olè. Mo ti rí ohun tí mo lè bínú sí, tí mo lè dí pa, tí mo lè tọ́ka sí fún gbogbo òpópónà. Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nínú àpò mi, èmi tí n kò ní ọkọ̀, mo kàn ń wá nǹkan dì mú.

Bísí kò dìde. Ó rọra ní, "Ọ̀gá, ó ku ìgò òfìfo."

 Ó dúró. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa dúró.

"Fi sí i," mo ní.

Ó fi sí i. Òjé inú ìgò òfìfo kò yàtọ̀ sí ti omi kànga. Ásíìdì tí mo rà lọ́jà, tí mo lò nílé, òun ló gbé e wá. Tiwa ni.

 Bísí fún mi ní ìgò tí òun fọ̀, ó fún mi ní ásíìdì tó mọ́, ó ní kí n tún omi bù wá. Mo tún un bù, mo gbé e padà. Lẹ́yìn tí a yọ ti ìgò òfìfo kúrò, a ò rí òjé kankan tó ṣeé sọ nínú omi Àdùkẹ́. Bàbà àti sínǹkì rẹ̀ wà bí ti omi rere. Ìpẹtà díẹ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ti mọ̀, torí ó máa ń sọ ìdí korobá di pupa.

Nítorí náà, mi ò mọ ohun tó pa ìyàwó mi. N óò kú láìmọ̀ ọ́n. Mo mọ ohun tí kò pa á, ìyẹn náà sì ni ohun tó ní kí n lọ mọ̀.

Bí mo ti wọ òpópónà, Ìyá Sùàdá gbé abọ́ dé ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Fúnkẹ́, ẹ ò tíì jẹun. Kí ni wọ́n wí?"

"Àwọn irin tí ẹ̀rọ lè wò, a wò wọ́n. Kò sí èyí tó kọjá ààlà níbẹ̀. Ohun tí a kò wò, mi ò lè búra sí i."

Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú. "Alhamdulillahi. Ìyá Fúnkẹ́ ì bá gbọ́ èyí." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé kí n gbé korobá wá?"

"Ẹ jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ mu ún."

Mo ṣí àgádágodo. Mo sọ guga sí i, mo da ti àkọ́kọ́ nù, mo gbé èkejì wọlé. Láti ìgbà tí a ti sin ín, mi ò tíì dáná. Mo gbé omi náà kaná. Mo bu ògì sínú ife, mo fi omi tútù díẹ̀ pò ó, mo rò pé mo pò ó délẹ̀, mo wá da gbígbóná lé e, mo ń rò ó títí ó fi ki.

Ó ní kókó. Mo mu ún tán, mo fọ ife náà, mo dojú rẹ̀ dé orí aṣọ funfun kó gbẹ, mo sì jáde lọ ṣí géètì fún Ìyá Sùàdá àti korobá rẹ̀.